Glock 17 tuntun fún iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́: kí ni kí n pààrọ̀, kí ni kí n fi sílẹ̀?

OmoOke_Houston:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ilé o. Texas ni mo wà. Mo ti parí ẹ̀kọ́ Level III, ìwé àṣẹ láti máa gbé ìbọn lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ sì ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Glock 17 Gen5 MOS ni mo rà (MOS ni èyí tí wọ́n ti gbẹ́ orí rẹ̀ sílẹ̀ fún red dot, ojú ìbọn oníná), bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá náà ló ṣì wà. Òru ni iṣẹ́ mi, dọ́là 600 ni mo yà sọ́tọ̀. Ojú ìbọn, tírígà, sípíríǹgì, iná: èwo ni kí n kọ́kọ́ mú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

AgbedeIbon:
Àbúrò, inú ìbọn yẹn, má fọwọ́ kàn án. Tírígà rẹ̀ ń gba bíi páùn 5 sí 6 kó tó yìn, ìyẹn sì dára fún iṣẹ́. Àwọn ọlọ́jà á máa pọ́n connector páùn 3.5 fún ẹ (irin kékeré tó ń sọ bí tírígà ṣe máa le tó), wọ́n á tún fi sípíríǹgì fẹ́lẹ́ kún un fún abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Sípíríǹgì tí kò lágbára kò ní ti abẹ́rẹ́ náà dáadáa. Bí ìdí ọta bá le díẹ̀, o fa tírígà, o gbọ́ "kà", ìbọn ò dún. Pápá ìdíje ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Tún bi ilé iṣẹ́ rẹ kí o tó ra ohunkóhun, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló kọ ọ́ sínú òfin pé ẹ̀ṣọ́ kò gbọdọ̀ tún tírígà ṣe.

Ojú ìbọn ni kí o kọ́kọ́ pààrọ̀. Bí ó bá jẹ́ oníke funfun tó sábà máa ń bá a wá ló wà lórí tìrẹ, àkọ̀ á máa họ ọ́ jẹ díẹ̀díẹ̀. Ra onírin tó ní tritium. Ó ń tàn lókùnkùn láìlo bátìrì, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á ti dín sí ìlàjì ní nǹkan bí ọdún 12, nítorí náà wo ọdún tí wọ́n ṣe é kí o tó sanwó.

Ojú ìbọn ti iwájú, abẹ́ sílàídì (irin òkè tó ń lọ tó ń bọ̀) ni síkúrù rẹ̀ ti ń wọlé. Irinṣẹ́ 3/16 ínǹṣì tí ara rẹ̀ tín-ín-rín ló ń wọ ibẹ̀. Fi ọtí sípíríìtì nu epo kúrò lára síkúrù náà, torí Loctite (gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí síkúrù tú) kì í di ibi tí epo bá wà, kí o wá kán ẹyọ kan aláwọ̀ búlúù sí i. Má fi agbára dè é. Síkúrù yẹn kéré, orí rẹ̀ á kán, o ó wá máa fi gbogbo ọ̀sán wá bí o ṣe máa yọ ìyókù. Ti ẹ̀yìn ní irinṣẹ́ tó ń tì í; bí o kò bá ní in, gbé e lọ fún ẹni tó ní. Hámà kọ́.

Iya_Range:
Iná àti àkọ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí o rà wọ́n, àbúrò mi. Àkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Glock 17 lásán kò ní gba èyí tí iná bíi Streamlight TLR-1 HL wà lórí rẹ̀. Àkọ̀ tó ń di ìbọn mú ni kí o wá, irú Safariland tó ń mú kó ṣòro fún ẹlòmíràn láti já a gbà lọ́wọ́ rẹ. Fi ìbọn tó ṣófo ṣe ìdánrawò fífà á yọ títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n. Bátìrì CR123A méjì ni iná náà ń lò. Dá oṣù kan tí wàá máa pààrọ̀ wọn, má dúró dìgbà tó bá kú.

Má gbàgbé tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ o. Iná orí ìbọn kì í ṣe ohun tí a fi ń wá ẹni tó ń rìn kiri ọgbà, nítorí ibi tí o bá tàn án sí ni ẹnu ìbọn ń wò.

Digba_MOS:
Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu sí ti MOS, torí ó ń bọ̀ wá bi wá. Red dot lè dúró ná, dọ́là 600 yẹn kò ní ká a. Lọ́jọ́ tí o bá gbé e, síkúrù ọwọ́ ọ̀tún ni kí o ṣọ́. Ìsàlẹ̀ ihò rẹ̀ gan-an ni ọ̀nà tí ọ̀pá tó ń ti ìkọ́ tó ń fa èèpo ọta jáde gbà kọjá. Bí síkúrù bá gùn ju, á tẹ ọ̀pá náà mọ́lẹ̀, ìkọ́ á le gbagidi, èèpo á máa há. Kí o tó dè é, fi ìka ti ìkọ́ yẹn wò; bí o bá dè é tán, tún tì í. Bí kò bá mì bíi ti tẹ́lẹ̀, tú u. Bí red dot rẹ bá jẹ́ Trijicon RMR, agbára ínǹṣì-páùn 12 ni kí o fi de síkúrù rẹ̀, má kọjá bẹ́ẹ̀. Fi ọ̀dà funfun fa ìlà láti orí síkúrù bọ́ sára rẹ̀, kí ojú lè rí i bó bá yí.

OmoOke_Houston:
Ẹ ṣeun gan-an, mo ti pa tírígà tì. Màgásíìnì tí a ń kó ọta sí ńkọ́? Mo rí àwọn olówó pọ́ọ́kú. Ọta mélòó ni kí n yìn kí n tó gbé e lọ síbi iṣẹ́?

AgbedeIbon:
Ti Glock gan-an ni, ó kéré tán mẹ́ta, láìsí àfikún ìdí. Kọ 1, 2, 3 sí wọn nídìí. Bí ọta bá há, kọ nọ́ńbà sílẹ̀: bó bá jẹ́ nínú 2 nìkan ló ti ń há, màgásíìnì ló bàjẹ́, kì í ṣe ìbọn.

Yin 200 ọta ìdánrawò, kí o tó yin 50 irú èyí tí o máa gbé gan-an, bíi Speer Gold Dot tàbí Federal HST 124 grain (ìwọ̀n orí ọta), kí iná wà lórí rẹ̀. Bó bá há lẹ́ẹ̀kan nínú 50 yẹn, wá ìdí rẹ̀, kí o bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Epo: ẹ̀kán kan sí ojú irin kọ̀ọ̀kan tí sílàídì ń gùn, díẹ̀ lára ọ̀pá ìbọn, ẹ̀kán kan níbi tí irin tírígà ti fara kan connector. Ọ̀nà abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ gbẹ. Epo níbẹ̀ á kó ẹrẹ̀, abẹ́rẹ́ á sì máa lọ́ra. Sípíríǹgì ìdápadà, bíi 5,000 ọta, pààrọ̀ rẹ̀.

Iya_Range:
Kí n fi kún un: má máa ti ọta kan náà bọ inú ìbọn láràárọ̀. Bó ṣe ń gbá òkè yẹn, orí rẹ̀ ń wọ inú èèpo lọ díẹ̀díẹ̀. Bí o bá yìn ín, ìfúnpá inú rẹ̀ á ga ju bó ṣe yẹ. Gbé e dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọta tuntun lórí tábìlì. Bó bá kúrú ju èkejì lọ, fún ibi tí o ti rà á, má tún un yìn.