Ta ló mọ dókítà ojú tó ń ṣe lẹ́ńsì àwọ̀sùn nítòsí Ifẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ọmọbìnrin mi kì í ríran jìnnà. Ńṣe ló máa ń fún ojú pọ̀ kó tó rí ohun tí tíṣà kọ sójú pátákó. Mo gbọ́ nípa lẹ́ńsì líle tí wọ́n ń fi sójú sùn, tó máa ń tẹ iwájú ẹyinjú pẹrẹsẹ díẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, kéèyàn lè ríran jìnnà lọ́sàn-án láìlo awò. Wọ́n ti fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà láti 2002. Mo mọ̀ pé téèyàn bá dáwọ́ ẹ̀ dúró, ojú á padà síbi tó wà. Kòkòrò àrùn ló ń bà mí lẹ́rù jù: omi kò gbọdọ̀ kan lẹ́ńsì náà rárá, omi kànga la sì ń lò. Ṣé a lè rí i ṣe ní Ifẹ̀ tàbí Iléṣà, àbí Ìbàdàn ni ká lọ? Ẹ̀yin tọ́mọ yín ń lò ó, báwo lẹ ṣe ń tọ́jú ẹ̀?