Erékùṣù apẹja inú ìtàn mi: kí ni àwọn alágbára ayé ń wá níbẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń kọ ìtàn àròsọ nípa orílẹ̀-èdè kékeré kan láàrin òkun, tí àwọn ará ibẹ̀ kò ní iṣẹ́ méjì ju ẹja pípa lọ. Kí ló lè mú kí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá máa du ibẹ̀, tí òǹkàwé yóò sì gbà á gbọ́?

Èsì: Ibi tó wà ti tó, ẹ má wulẹ̀ fi wúrà kún un. Ẹ wo Iceland, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan tí àwọn ọkọ̀ ogun abẹ́ omi Rọ́ṣíà ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti àríwá bọ́ sínú òkun Àtìláńtíìkì. Ìlú Ọba kó ọmọ ogun wọ ibẹ̀ ní 1940 kí Jámánì má baà ṣáájú wọn, Amẹ́ríkà sì wà ní ibùdó ogun Keflavík níbẹ̀ láti 1951 títí di 2006.

Èsì: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má sọ àwọn apẹja yín di ẹni àtẹ̀mọ́lẹ̀. Iceland kò ní ọmọ ogun, síbẹ̀ nígbà tó sún ààlà ìpẹja rẹ̀ dé 200 máìlì ní 1975, àwọn ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ etíkun rẹ̀ ń wọ́ irin abẹnu mímú nínú omi, wọ́n fi ń gé wáyà tí àwọn apẹja Ìlú Ọba fi ń fa àwọ̀n. Ó tún halẹ̀ pé òun yóò kúrò nínú NATO, àjọ ààbò tí òun, Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba jọ wà nínú rẹ̀. Ní 1976, Ìlú Ọba gbà.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé kí olórí wọn ti máa fi ibùdó ogun halẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn?

Èsì: Rárá o, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n gé àwọ̀n ná.