Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wo The Nutcracker and the Four Realms, ṣé kí n gbé e fún àwọn ọmọ?

Mọ̀mí Tọ́bi:
Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọlidé Kérésì ti dé, àwọn ọmọ ò jẹ́ ká sinmi nínú ilé, fíìmù ni wọ́n fẹ́ máa wò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, bí mo ṣe ń wá èyí tó bá àsìkò mu ni mo rí The Nutcracker and the Four Realms, ti Disney, èyí tó jáde lọ́dún 2018 yẹn. Bí mo ṣe rí àwòrán iwájú ẹ̀, góòlù, yìnyín, aṣọ bí aṣọ, inú mi ti ń dùn, àbúrò mi bá ní Àǹtí ẹ má wulẹ̀ dààmú, fíìmù yẹn ò dáa rárá. Ṣé lóòótọ́ ni? Ọmọ ọdún 9 ni àgbà wọn, àbúrò ẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 5, ẹ̀rù sì máa ń tètè bà á. Kí ló dáa níbẹ̀, kí ni ò dáa? Ẹ lè sọ ìtàn ẹ̀ tán o, mi ò ní bínú.

Aláfíìmù Mushin:
Mọ̀mí Tọ́bi, ẹ kú ọlidé. Ọ̀rọ̀ àbúrò yín ti le jù. Ó ṣe é wò, kò kàn ní ohun tó máa mú yín tún un wò lọ́dún tó ń bọ̀ ni. Clara, ọmọdébìnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù ayé Ọbabìnrin Victoria, ìyá ẹ̀ ti kú, ẹ̀bùn Kérésì tí ìyá fi sílẹ̀ fún un ni àpótí kékeré kan tó rí bí ẹyin, kò sí kọ́kọ́rọ́, ìwé tó bá a wá sì ní gbogbo ohun tó nílò ti wà nínú ẹ̀. Ọmọ yìí mọ ẹ̀rọ tún ṣe gan-an (ẹ wo pańpẹ́ eku tó ṣe sí òkè àjà níbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ dùn mọ́ mi jù), ó wá lọ síbi àríyá bàbá ìsàmì ẹ̀, Drosselmeyer, Morgan Freeman ló ṣe é, ó tẹ̀ lé okùn kan títí tó fi bọ́ sí ayé mìíràn, eku kan bá gbé kọ́kọ́rọ́ sá lọ. Títí débẹ̀ ó ń dùn bọ̀. Látibẹ̀ lọ wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ẹni tí mọ́tò fẹ́ fi sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 99 péré ni gbogbo ẹ̀, ilẹ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ti yìnyín, ti òdòdó, ti súwíìtì, àti ìkẹrin tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù, àmọ́ ti yìnyín àti ti òdòdó, fìrí la rí wọn. Dáyirẹ́kítọ̀ méjì lorúkọ wọn wà lára ẹ̀, Lasse Hallström ló kọ́kọ́ yà á, nígbà tí wọ́n fẹ́ tún àwọn apá kan yà, Joe Johnston ló wá ṣe é. Mi ò ní ìyẹn nìkan ló fà á o, àmọ́ ojú ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀ ń hàn. Bíi mílíọ̀nù 120 dọ́là ni wọ́n ná, bíi 174 ló wọlé kárí ayé, ilé síńẹmà á sì yọ tiwọn kúrò, ẹ mọ̀ pé kò sí èrè níbẹ̀.

Àdùkẹ́ Aránṣọ:
Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ ò tiẹ̀ wo aṣọ rárá ni? Jenny Beavan ló ṣe aṣọ wọn o, ìyá tó ti gba Oscar kí wọ́n tó gbé eléyìí fún un. Ẹ wo Sugar Plum, olórí ilẹ̀ súwíìtì, tí Keira Knightley ṣe, irun orí ẹ̀, kándì flọ́ọ̀sì ni, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ, ló bá já díẹ̀ lórí ara ẹ̀, ó jù ú sẹ́nu. Mo dá fíìmù dúró kí n lè tún ibẹ̀ wò. Ohùn tín-ín-rín tó ń lò yẹn, àwọn kan ní ó ń yọ àwọn lẹ́nu, lójú tèmi ṣá, òun nìkan ló mọ̀ pé eré ọmọdé lòun wá ṣe, àwọn tó kù kàn wọ aṣọ olówó ńlá dúró ni. Odindi Helen Mirren wà níbẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n fún un ò tó nǹkan.

Bàyọ̀ Ìwé:
Ọ̀rọ̀ sọ́jà tí wọ́n ń pè ní Nutcracker nínú fíìmù yẹn ló ń bí mi nínú ní tèmi. Nínú ìtàn E.T.A. Hoffmann tó jáde ní 1816, èyí tí wọ́n ti mú fíìmù yìí, ọmọlangidi tó ń fẹnu fọ́ èso yẹn, èèyàn ni, èpè ló wà lórí ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ọmọbìnrin yẹn fi gbà á tọkàntọkàn ló tú u sílẹ̀, ìdí ìtàn nìyẹn. Ẹ wá wo tibí, Captain Phillip kàn jẹ́ ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ afárá, a ò mọ ilé ẹ̀, a ò mọ ohun tó ń wá, ó ṣáà ń tẹ̀ lé Clara kiri ni. Ọmọkùnrin tó ṣe é, Jayden Fowora-Knight (ẹ gbọ́ Fowora yẹn ná, inú mi dùn jàre), gbìyànjú, wọ́n ò kọ nǹkan kan fún un ni. Ijó wá ńkọ́? Bàlẹ́ẹ̀tì (ijó tí wọ́n fi ń sọ ìtàn) tí Tchaikovsky kọ orin ẹ̀ ní 1892 ló sọ ìtàn yìí di ti Kérésì kárí ayé, wọ́n sì rí Misty Copeland, gbajúmọ̀ oníjó bàlẹ́ẹ̀tì, gbà, ẹ̀yin ará, Misty Copeland! Wọ́n ní kó jó díẹ̀ láti fi sọ bí àwọn ilẹ̀ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀, kójú tó gbádùn ẹ̀ ó ti tán. Orin nìkan ni mi ò lè bá wọn jà lé lórí, Gustavo Dudamel ló darí àwọn olórin, Lang Lang ló tẹ dùùrù.

Bọ̀dá Ṣeun:
Ẹni tí ò bá fẹ́ mọ òpin kó fò mí kọjá o. Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ ńlá wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò mọ̀. Ìyá Clara ló fi ẹ̀rọ sọ àwọn ọmọlangidi yẹn di alààyè nígbà tó wà lọ́mọdé, òun ni ọbabìnrin wọn, ó wá dàgbà, kò padà wá mọ́. Sugar Plum ní ó pa àwọn tì. Ìyẹn ni pé obìnrin kan náà ni òun àti Clara ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀, èyí ń sunkún, èyí ń bínú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sọ ọ́ síra wọn lójú ná! Rárá o, wọ́n fẹnu bà á fẹ́ẹ́rẹ́, ló bá di ẹ̀rọ tó ń ṣe sọ́jà páànù, ló bá di ogun. Pé Sugar Plum lọ̀dàlẹ̀, àgbà kankan ò ní ṣàì ti mọ̀ kí wọ́n tó sọ, àmọ́ àwọn ọmọ tèmi lanu sílẹ̀ ni o. Nígbà tí Clara ṣí ẹyin yẹn tó jẹ́ orin lásán ló ń kọ, tínú bí i, tó wá padà rí i pé dígí ló wà lára ìdérí ẹ̀, ibẹ̀ mú mi. Bó ṣe ṣẹ́gun náà tẹ́ mi lọ́rùn, kò fa idà yọ, ẹ̀rọ yẹn ló tún ṣe kó lè dojú kọ ẹni tó ń lò ó.

Mọ̀mí Tọ́bi:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ ò ní rẹ̀ ẹ́ o. Àgbà wọn fẹ́ràn kó máa tú nǹkan palẹ̀, á gbádùn Clara yẹn. Èyí ọdún 5 wá ńkọ́?

Àdùkẹ́ Aránṣọ:
Ẹ jókòó tì í. Àwọn eku yẹn máa ń gun ara wọn títí wọ́n á fi di òmìrán kan, ní ilẹ̀ kẹrin sì rèé, abẹ́ yẹ̀rì ọmọlangidi gìrìwò kan làwọn aláwàdà olójú kíkùn ti ń jáde wá, wọ́n ba èmi alára lẹ́rù. Tẹ́ ẹ bá ti rí igbó tí kùrukùru bò, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú. Ẹ má sì pa á tórúkọ bá ti ń yọ lópin, Misty Copeland tún jó níbẹ̀ pẹ̀lú Sergei Polunin, oníjó bàlẹ́ẹ̀tì bíi tiẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ lé wọn lórí.