Òjé inú ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 52: ṣé iyè mi á sọjí?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi òjé ṣiṣẹ́ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń tú bátìrì mọ́tò tó ti kú, tí mo ń yọ́ òjé inú rẹ̀. Láti bí oṣù mẹ́jọ, mi ò mọ ara mi mọ́. Màá mú sípánà dání, màá tún máa wá a kiri. Oorun ò kun ojú mi, inú ń lọ́ mi. Èyí tó dùn mí jù ni ìbínú: lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jágbe mọ́ ọmọ mi torí pé ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́rin!

Mo lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì, kò ṣiṣẹ́. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ò ga. Aṣọ ni mo fi ń bo imú níbi iṣẹ́ (mo ti wá mọ̀ pé aṣọ ò dá èéfín òjé dúró). Dókítà kan ló ní ká wá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ mi: 52 µg/dL. Ó ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti fi í sílẹ̀, ìbínú ò lọ. Mo gbọ́ pé òjé máa ń sá pamọ́ sínú egungun fún ọ̀pọ̀ ọdún, á sì máa rọra jò padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀la ni wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò, torí aṣọ iṣẹ́ ni mo máa ń wọ̀ wálé.

Ẹ̀yin tí nọ́ńbà yín sún mọ́ tèmi, ṣé wọ́n fún yín ní oògùn tó ń fa òjé jáde ni, àbí ẹ kàn kúrò nídìí iṣẹ́ náà? Oṣù mélòó ló sì gbà kí iyè yín tó sọjí, kí inú yín tó rọ̀?