Ìdíje ètò ìpolówó orí ayélujára: kí ni àwọn adájọ́ máa ń kọ́kọ́ wò?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ ìpolówó ọjà. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta la jọ ń múra sílẹ̀ fún ìdíje kan, níbi tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò ti fi ìṣẹ́jú 7 ṣàlàyé ètò ìpolówó orí ìkànnì ayélujára, tí àwọn adájọ́ yóò sì fi ìṣẹ́jú 3 bi wọ́n ní ìbéèrè. Àwòrán àti fídíò kò dà wá láàmú. Ẹ̀rí pé ètò náà yóò mú èrè wá ló rú wa lójú.

Nígbà tí a dán an wò níwájú olùkọ́ wa, mo fi ìgboyà sọ pé ènìyàn 10,000 ni yóò rí ìpolówó wa. Ó ní, “Mélòó nínú wọn ni yóò ra ọjà?” Ẹnu mi wọhò. A wá ṣírò pé bí ẹni 2 nínú 100 bá tẹ̀ ẹ́, ènìyàn 200 ni. Bí ẹni 5 nínú 100 àwọn yẹn bá sì rajà, oníbàárà 10 péré ló kù.

Ṣé kí a fi iye kékeré yìí han àwọn adájọ́ láìfi bò? Ọ̀kan nínú wa tún fẹ́ kí a lo Facebook, Instagram, TikTok àti YouTube pa pọ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, owó tí a ní kò tó pín sí mẹ́rin. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe adájọ́ rí, ẹ jọ̀wọ́, èwo ni kí a mú? Ǹjẹ́ ó sì yẹ kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀rọ̀, àbí kí ẹnì kan ṣàlàyé, kí àwọn yòókù máa dáhùn ìbéèrè?