Ogúnléndé, awá-ààbò àti àìdánipadà: ọ̀rọ̀ wo la ó lò nínú òfin?

Ẹ̀yin ará, àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a jáwọ́ nínú "ogúnléndé" bí a bá ń túmọ̀ òfin, torí pé ogun ló wà ní ìdí ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ òfin kò fi dandan béèrè ogun. Òótọ́ ni pé kò béèrè ogun. Àdéhùn Geneva ti 1951 lórí ọ̀rọ̀ ogúnléndé ka ohun márùn-ún tí wọ́n lè torí rẹ̀ ṣe inúnibíni síni: ẹ̀yà, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè ẹni, ẹgbẹ́ tí èèyàn wà láwùjọ, àti èrò ẹni nípa òṣèlú. Àdéhùn OAU, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Áfíríkà ìgbà náà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Addis Ababa ní 1969, ló fi ìkọlù láti òde àti rògbòdìyàn tó da ìlú rú kún un. Òfin Nàìjíríà ti 1989 gba méjèèjì wọlé.

Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn pé kí a torí ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ sọ ọ̀rọ̀ tí tọmọdé tàgbà mọ̀ nù. Ẹni tí omíyalé lé kúrò nílé, ogúnléndé ni wọ́n ń pè é; ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ogun tipẹ́. Ẹnubodè ni ìṣòro wà. Ẹni tó sá kúrò ní Bama wá sí Maiduguri ṣì wà lábẹ́ ìjọba tirẹ̀, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò; Àdéhùn Kampala ti 2009, tó dá lórí àwọn tó sá kúrò nílé ṣùgbọ́n tí wọn kò jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè wọn, ló bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Ará Cameroon tó wà ní ibùdó ogúnléndé Adagom, ní Ogoja, ti sọdá ààlà, kò sì lè gbára lé ìjọba tirẹ̀ mọ́. Kí ẹni àkọ́kọ́ máa jẹ́ "asákúrò-nílé", kí "ogúnléndé" jẹ́ ti ẹni tó kọjá ààlà.

"Awá-ààbò" ni mo fẹ́ fún ẹni tó ti béèrè pé kí wọ́n kà á sí ogúnléndé, àmọ́ tí wọn kò tíì dá lóhùn. "Atọrọ-ààbò" tí àwọn kan ń lò ń bí mi nínú: ohun tí a bá tọrọ, wọ́n lè fún ni, wọ́n sì lè má fún ni, bẹ́ẹ̀ ẹ̀tọ́ ni wíwá ààbò. Yóò forúkọ sílẹ̀, wọ́n á fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ìgbìmọ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá kọ̀, ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn wà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ìlànà inú abala 33 àdéhùn 1951, pé kí a má ṣe dá ogúnléndé padà síbi tí ewu ti ń dúró dè é. Bí a bá pè é ní "àìlénikúrò-nílùú", kò bá a mu. Abala 32 gba ìjọba láyè láti lé ogúnléndé jáde nítorí ààbò ìlú, bí kò bá ti rán an padà sẹ́nu ewu. Òfin Nàìjíríà pàápàá fi dídá èèyàn padà lẹ́nu ibodè kún un, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò tíì wọlé, a ò lè sọ pé a lé e kúrò nílùú. Mo dábàá "àìdánipadà-séwu". Ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní 2018, Nàìjíríà kó ará Cameroon 47 padà fún ìjọba tí wọ́n sá fún. Ní oṣù Kẹta 2019, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Abuja ní kò bófin mu, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́: nígbà tó fi di oṣù Kẹjọ, ilé ẹjọ́ ológun ní Yaoundé ti rán mẹ́wàá nínú wọn lẹ́wọ̀n gbére. Bí a bá kọ ọ́ pé "wọ́n lé wọn kúrò nílùú", ó dà bí iṣẹ́ aṣọ́bodè lásán.

Èsì:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo gba "awá-ààbò" wọlé. Àmọ́ "séwu" yóò kó wa sí wàhálà: bí wọn kò bá fi àmì sí i, bó ṣe máa ń rí lórí fóònù, ewu, ewú àti ẹ̀wù á di ọ̀kan náà. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ jáde, "àìdánipadà-sínú-ewu". Ó gùn, ṣùgbọ́n inú ìwé òfin ni yóò wà.

Ó tún ku ẹnì kan tí ẹ kò dárúkọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 2012, ipò ogúnléndé àwọn ará Liberia dópin lábẹ́ UNHCR, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún ọ̀rọ̀ ogúnléndé. Àwọn tí kò padà sílé lára àwọn tó wà ní ibùdó ogúnléndé Oru, ní Ìjẹ̀bú, ìwé ìgbélùú ti ECOWAS ló yẹ kí wọ́n fi máa gbé níbí. Ẹni tó bá ṣì ń pè wọ́n ní ogúnléndé ń rán wọn lọ béèrè ìwé tí wọn kò lè rí gbà mọ́. "Ogúnléndé-tẹ́lẹ̀" ni èmi ń kọ.