Ẹ wọn kọ́ńtáàkì kí ẹ tó yí dísíbútọ̀: ìrírí wa lórí táímìn ọkọ̀ àtijọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe táímìn (àkókò tí plọ́ọ̀gì ń ta iná) ọkọ̀ àtijọ́, èyí tó ṣì ń lo kábúrétọ̀ àti kọ́ńtáàkì, irin kékeré tó ń ṣí tó ń pa nínú dísíbútọ̀ (ẹ̀rọ tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì) kí iná lè ta, ẹ jọ̀ọ́, kó sọ tiẹ̀ síbí. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n gbé Ìjàpá kan wá fún mi, Volkswagen Beetle tó ní ẹ́ńjìnnì 1600. Ẹni tó ni ín ní ọkọ̀ náà ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá ti gbóná tán, tí wọ́n sì pa á, kì í fẹ́ ṣíná mọ́: yóò ta pàì, yóò dúró, bí ẹni pé nǹkan kan dì í mú. Tó bá ń gun òkè, tí wọ́n tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀, á máa dún bí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń mì nínú agolo. Wọ́n ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, wọ́n ti tú kábúrétọ̀ fọ̀, pàbó ló já sí.

Iná tó yá jù ló ń dún bẹ́ẹ̀. Epo kì í jó tán lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí plọ́ọ̀gì fi gbọ́dọ̀ ta iná kí písítìnì tó dé òkè pátápátá. Ṣùgbọ́n bó bá yá jù, ìjóná náà yóò máa ti písítìnì padà nígbà tó ṣì ń gòkè bọ̀. Ẹ̀rọ tó ń gbìyànjú àtiṣíná kò lágbára tó láti borí ìyẹn, òun ló fi ń ta pàì. Orí písítìnì ni yóò jẹ ìyà rẹ̀ tó bá pẹ́.

Mẹkáníìkì tó tọ́jú rẹ̀ gbẹ̀yìn ló fi etí ṣe é. Ó ń yí dísíbútọ̀, ó ń gbọ́ sílóò (bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún tí a kò bá tẹ tọ́tù), ibi tó ti dùn létí jù ló dè é mọ́. Inú mi kì í dùn sí ọ̀nà yìí rárá. Ní sílóò, ẹ́ńjìnnì kò gbé ẹrù kankan, iná tó yá díẹ̀ sì máa ń jẹ́ kó dún já gaara. Orí òkè lẹ ó ti mọ̀ pé irọ́ ni.

N kò kọ́kọ́ yí dísíbútọ̀ náà ní tèmi. Mo ṣí ìdérí rẹ̀, mo yọ rótọ̀, apá kékeré tó ń yí nínú rẹ̀, mo fi sípánà yí púlì díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ kọ́ńtáàkì fi gun ibi tó ga jù lọ lórí ọ̀pá tó ń ṣí i. Àlàfo 0.4 mm ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ewé fílà géèjì (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo) 0.4 kò wọlé. 0.3 náà kò wọlé. Ọ̀pá yẹn gbẹ táútáú, kò sí gíríìsì kankan lára rẹ̀, ó sì ti fá ẹsẹ̀ kọ́ńtáàkì jẹ.

Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí àlàfo bá ti ń kéré sí i, kọ́ńtáàkì yóò máa pẹ́ kó tó ṣí, iná náà yóò sì máa pẹ́. Dípò kí wọ́n wọn àlàfo, dísíbútọ̀ ni wọ́n ń yí láti fi dí i, wọ́n sì yí i kọjá ààlà. Bí mo bá ṣe àlàfo sí 0.4 tán tí mo dé e padà, iná ìbá tún yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Torí náà, kọ́ńtáàkì ni ká kọ́kọ́ ṣe, ká tó kan táímìn. Ẹ má ṣe fi ìkejì ṣáájú.

Mo fi kọ́ńtáàkì tuntun sí i, mo fi gíríìsì bíńtín pa ọ̀pá náà. Lẹ́yìn náà mo so gílóòbù kékeré kan: wáyà kan sí ẹnu nọ́ńbà 1 lára kọ́ìlì (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di ńlá fún plọ́ọ̀gì), ìkejì sí irin ọkọ̀. Mo ṣí kọ́kọ́rọ́, mo ń fi ọwọ́ yí púlì lọ bí ọwọ́ aago. Ìṣẹ́jú àáyá tí kọ́ńtáàkì ṣí ni gílóòbù tàn, ó sì yẹ kó jẹ́ ìgbà tí àmì dígírì 7.5 (kí písítìnì tó dé òkè) lára púlì bá wà ní ọ̀gangan ìlà tí ìdajì méjì àpótí ẹ́ńjìnnì ti pàdé. Tirẹ̀ ti tàn tipẹ́ kí àmì tó dé. Mo tú dísíbútọ̀, mo yí i sí ibi tí rótọ̀ ń yí sí, kí iná lè pẹ́ díẹ̀. Ẹ rọra o, nítorí dígírì kan níbẹ̀ jẹ́ méjì lára púlì.

Dísíbútọ̀ 009 ló wà lára rẹ̀, èyí tí kò ní rọ́bà afẹ́fẹ́ (rọ́bà tó ń fi ìfàmọ́ra afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì mú kí iná yá). Mo wá fi iná táímìn, tọ́ọ̀ṣì tó ń ṣẹ́jú nígbàkigbà tí plọ́ọ̀gì bá ta iná, wò ó bó ṣe ń yí ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ láàárín ìṣẹ́jú kan: ó dúró láàárín dígírì 28 sí 32. Ó gun òkè láìdún.

Ìdáhùn

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Èmi ti bá ibi tí àmì fúnra rẹ̀ ti ń parọ́ pàdé. Ẹ́ńjìnnì V8 kan ni, púlì rẹ̀ ní òrùka irin lóde, rọ́bà ló dì í mọ́ ti inú. Rọ́bà ti gbó, òrùka ti yọ̀ kúrò láyè rẹ̀. Mo tú wáyà bátìrì, mo yọ plọ́ọ̀gì sìlíńdà 1, mo dè irin ìdádúró sí ihò rẹ̀. Mo fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì jẹ́jẹ́ títí písítìnì fi kàn án, mo sàmì sí púlì. Mo yí i padà sí òdìkejì títí ó tún fi kàn án, mo sàmì kejì. Àárín méjèèjì gan-an ni òkè pátápátá. Àmì òdo tí ilé iṣẹ́ fín sí i jìnnà sí ibẹ̀.

Ìdáhùn

Kí ẹ má gbàgbé rọ́bà afẹ́fẹ́ o, lára àwọn tó ní i. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì dí ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó tan iná táímìn, àfi bí ìwé ọkọ̀ bá sọ nǹkan mìíràn. Bí ọkọ̀ bá ń mu epo lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ẹ fi ẹnu fa rọ́bà náà. Bí kò bá di ahọ́n yín mú, awọ inú rẹ̀ ti ya. Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan: Ìjàpá mi ní dísíbútọ̀ àtijọ́, iná sìlíńdà nọ́ńbà 3 sì máa ń pẹ́ díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn

Àbúrò, kò bàjẹ́. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ tó ń tu ọ́ìlì lára dí afẹ́fẹ́ lọ́nà sìlíńdà 3, ó sì máa ń gbóná ju àwọn tó kù lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jẹ́ kí iná rẹ̀ pẹ́. Nọ́ńbà 1 ni kó o fi ṣe táímìn.